Àpótí Dúdú Inú Ọkọ̀ Nosiru

Bí ẹ bá ń wá ọkùnrin tó ń sá fún ẹjọ́ bí ẹni ń sá fún òjò, Nosiru Adélékan lẹ ń wá. Ọdún mẹ́fà tó ti lò ní Dublin, kò bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà rí. Bí aládùúgbò rẹ̀ ní Balbriggan létí Dublin bá gbé ọkọ̀ dí i lẹ́nu ọ̀nà, á dúró jẹ́ẹ́, á ní, “You're grand, take your time,” títí onítọ̀hún á fi sún un. Níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, níbi tó ti ń tún àwọn katakata kéékèèké tó ń fa ẹrù èrò ṣe, ọ̀gá rẹ̀ kì í yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá fẹ́ pè ní oníjìbìtì. Ẹ jẹ́ ká rọra sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà ń bíni nínú.

Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Nígbà tí òun àti Sìlífátù ìyàwó rẹ̀ dé Dublin lọ́dún 2000, tòyúntòyún ni Sìlífátù. Wọ́n tọrọ ibi ìsádi, ìjọba sì ní kí wọ́n jókòó dúró de ìwé, kí wọ́n má ṣiṣẹ́. Ọkùnrin tó ti ń di sípánà mú láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá wá ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń ka iye ọkọ̀ tó ń kọjá lójú fèrèsé. Ó bí i nínú débi pé ó ń lá àlá ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ìwé fi máa dé, tí iṣẹ́ náà dé, ìlú ti gbóná. Ilé ń hù bí olú, olúkúlùkù ń ra ọkọ̀ tuntun, kò sẹ́ni tó fẹ́ ti àtijọ́ mọ́. Báyìí ni ẹnì kan níbi iṣẹ́ ṣe fún Nosiru ní ọkọ̀ pupa kékeré kan tó fẹ́ gbé jù nù, tó sì mú un lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan tó ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sáré ìje lọ́jọ́ Sunday, ní pápá kan lẹ́yìn ìlú.

Kì í ṣe eré àwọn olówó. Púlọ́ńbà wà níbẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì kan ń ti àdúgbò Tallaght wá. Òfin wọn ni pé kí agbára ọkọ̀ gbogbo wọn dọ́gba, kó lè jẹ́ pé ọwọ́ awakọ̀ ni yóò yọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì kankan kò gbọdọ̀ ní ju agbára ẹṣin ọgọ́rùn-ún lọ. Wọ́n á fi wáyà àti òjé dí i pa, ẹni tó bá sì tú u láìgbàṣẹ, ó di ilé rẹ̀ nìyẹn. Ruth, olùkọ́ ìṣirò kan, ló ń bójú tó òfin náà. Ruth kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n bí ìyá tó bí i bá fi ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́ ré òfin kọjá, yóò kọ orúkọ ìyá náà sílẹ̀.

Nínú oṣù May ọdún 2006, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ pupa náà kú. Nosiru gba àṣẹ, ó lọ ra òmíràn níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù. Ẹni tó tà á kò mọ ibi tó ti wá, Nosiru náà ò sì bi í. Wọ́n dí i pa, ó gbé e sáré. Ló bá gba ipò kìíní. Ó tún gbà á lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ṣì pàtẹ́wọ́ fún un dáadáa. Nígbà tó gbà á lẹ́ẹ̀kẹta, àtẹ́wọ́ náà ti fúyẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹrin, Fiachra, púlọ́ńbà tó ti ń gba ipò yẹn fún ọdún méjì gbáko, kọ̀wé ẹ̀sùn pé ẹ́ńjìnnì náà kì í ṣe lásán. Ruth lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó: ọkọ̀ kẹtàdínláàádọ́ta, ìyẹn ti Nosiru, wà lábẹ́ ìwádìí.

Ìyẹn nìkan ì bá tiẹ̀ ṣeé fara dà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan dúró nídìí pátákó náà, ó ní, ṣebí ará Nàìjíríà ni, àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ lẹ́tà èké sí gbogbo ayé, kí lẹ tún ń retí? Nàbílà, ọmọ Nosiru tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ ọ ketekete. Nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà ló béèrè pé, “Da, did you cheat?”

“Rárá o!” ni Nosiru dáhùn kíá.

Ó sọ ọ́ kíá nítorí kò dá a lójú. Òun fúnra rẹ̀ ti gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń dún dùn-ún dùn-ún. Ta ló mọ ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti ṣe sí i nínú? Bó bá tú u wò, ó ti jẹ̀bi. Bí kò bá tú u wò, kò mọ̀ bóyá ó ti jẹ̀bi tẹ́lẹ̀. Òun tí kò jí abẹ́rẹ́ rí láyé rẹ̀ wá lè di olè lójú ọmọ rẹ̀, láìmọ̀ọ́mọ̀. Oorun dá lójú rẹ̀.

Ọjọ́ Sunday kejì nínú oṣù October ni Ruth dá fún ìwádìí náà. Ó gbé àpótí dúdú kékeré kan wá, kò tóbi ju páálí ṣúgà lọ, tí wọ́n ń pè ní lọ́gà. Ó so ó mọ́ inú ọkọ̀ Nosiru, ó sì so òmíràn mọ́ ti Fiachra, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun ń ṣègbè. Gbogbo ohun tí ọkọ̀ bá ṣe, àpótí yìí á kọ ọ́ sílẹ̀: bó ṣe ń sáré sí, ìgbà tó dẹwọ́, ìgbà tó yà. Bí wọ́n bá ti mọ bí eré ọkọ̀ ṣe yára gòkè tó, tí wọ́n sì mọ bó ṣe wúwo tó, kọ̀ǹpútà á ṣírò agbára ẹ́ńjìnnì láìtú nọ́ọ̀tì kan.

Ó bọ́ sínú oṣù Ràmàdáánì. Nosiru ti gba ààwẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ bẹ́ẹ̀: ààwẹ̀ ṣekárími, ebi lásán ni. Níbi iṣẹ́, bí àkókò oúnjẹ bá tó, á wọ abẹ́ katakata lọ bí ẹni ń wá nǹkan. Ní pápá eré ìje, kò sẹ́ni tó mọ̀ rárá.

Wọ́n sáré tán lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Nosiru ló tún ṣíwájú. Ruth so àpótí náà mọ́ kọ̀ǹpútà lórí tábìlì kan nínú àgọ́. Ó fi ìwọ̀n inú ìwé oṣù March sí i: ọkọ̀ àti awakọ̀ rẹ̀, kílò 890. Gbogbo wọn na ọrùn. Ọgọ́rùn-ún lé díẹ̀ ló jáde: 100.7.

Ó ti fi díẹ̀ kọjá òfin.

Ruth bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. “Yàtọ̀ sí ẹ́ńjìnnì, ṣé nǹkan kan ti yí padà lára ọkọ̀ yìí láti oṣù March?”

“Nothing,” ni Nosiru wí. “Same seat, same tyres. Nothing.”

Òótọ́ ló sì sọ, bí òun ṣe mọ òótọ́ mọ. Ruth kẹ́dùn, ó ní òfin ò mọ ojú, gbogbo ipò tó gbà láti May ti wọmi, Nosiru sì gbọ́dọ̀ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó mú bírò. Fiachra ò yọ̀, ilẹ̀ ló ń wò.

Bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Sìlífátù dúró sẹ́yìn àgọ́ tòun ti Nàbílà, omijé ti dé e lójú, ṣùgbọ́n ara ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Ó ń wo aṣọ eré ìje náà bó ṣe ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀. Ní Thursday tó kọjá ni òun fọwọ́ ara òun rán ìbàdí ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ wọlé.

“Bàbá Nàbílà, ẹ ní kí wọ́n dúró ná,” ni ó wí. “Ní March yẹn, ṣé tẹ̀yin tọkọ̀ ni wọ́n jọ wọ̀n?”

“Tèmi tọkọ̀ ni. Èwo ni ti ìbéèrè yìí?”

“Tẹ̀yin ti kóòtù òtútù yẹn, àti bàtà ńlá yẹn?”

“Òtútù mú lọ́jọ́ náà kẹ̀.”

“Ẹ wá wo ara yín lónìí! Ẹ ti rù kan eegun! Kí ló dé tẹ́ ẹ ní nǹkan kan ò yí padà?”

Nosiru rẹ ohùn sílẹ̀. “Sìlífátù, mi ò kéde ààwẹ̀ mi fún wọn.”

“Ta ló ní kẹ́ ẹ kéde? Ẹ̀rí lẹ fẹ́ jẹ́!” Ó ti kọjú sí Ruth. “Madam, abeg, my husband is fasting. Two weeks now, no food, no water, from morning till evening. This man you see today is not the man you weighed in March. Weigh am again.”

Ruth pariwo orúkọ Jésù, ó fọwọ́ gbá tábìlì. Olùkọ́ ìṣirò ni, ó ti yé e: bí ìwọ̀n bá dínkù, agbára tí kọ̀ǹpútà ṣírò náà á dínkù. Wọ́n gbé ìwọ̀n mẹ́rin jáde, ọ̀kan fún táyà kọ̀ọ̀kan. Fiachra fúnra rẹ̀ ló bá wọn ti ọkọ̀ gorí rẹ̀. Nosiru wọlé jókòó.

Kílò 880. Mẹ́wàá ti lọ, ó sì ṣì wúwo tó bí òfin ṣe fẹ́. Ruth kò dúró de kọ̀ǹpútà, ó fi pẹ́ńsùlù ṣírò rẹ̀ sórí ìwé, ó tún un ṣe, ó fà á nílà lẹ́ẹ̀mejì. 99.6.

“Under,” ni ó wí. “Ẹ́ńjìnnì náà mọ́.”

Alihamdulilahi! Nosiru jókòó sórí táyà kan, ó bú sẹ́kún níwájú àwọn òyìnbó, kò sì tì í lójú. Ìgbà tí Nàbílà rí i pé ẹkún ayọ̀ ni, òun náà da tirẹ̀ sílẹ̀.

“Kí ló wá dé tí n kì í lè bá a?” ni Fiachra béèrè, inú rẹ̀ ò dùn, ṣùgbọ́n kò bínú. Ruth yí kọ̀ǹpútà sí i. Ìlà méjì tó ń fi eré ọkọ̀ hàn ló wà lójú rẹ̀, ti Fiachra àti ti Nosiru. Lójú ọ̀nà tó tọ́, wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan, ti Fiachra á já wálẹ̀ kíá, ti Nosiru á ṣì máa lọ, á wá rọra sọ̀ kalẹ̀.

“You hardly touch the brakes,” ni Ruth wí.

Nosiru nu ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ àwọn oníbàárà ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ìbàdàn, Ọ̀gá Gbọ́lá, ló fi kọ́ ọkọ̀ wíwà, ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá nítorí bíréèkì ti kú. Jíà nìkan ló fi ń dá wọn dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mókọ́lá. Ẹni tó bá kọ́ ọkọ̀ báyẹn, tí kò sì kú, kò tún fi bíréèkì ṣe òògùn mọ́. Fiachra gbọ́ ìtàn náà tán, ó na ọwọ́ sí i, ó ní kó wá kọ́ òun náà. Ruth ti lọ sídìí pátákó, ó ń fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé ọkọ̀ kẹtàdínláàádọ́ta kò jẹ̀bi.

Wọ́n ń sáré lọ sílé lójú ọ̀nà M1 kí oòrùn tó wọ̀. Nàbílà ti sùn lẹ́yìn ọkọ̀. Ara Nosiru fúyẹ́, ó wá jẹ́wọ́ ohun tó ti gbé sínú láti May.

“Ìyá Nàbílà, mi ò mọ̀ o. Títí obìnrin yẹn fi ṣírò rẹ̀ tán, mi ò mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì yẹn mọ́.”

“Èmi náà ò mọ̀,” ni Sìlífátù wí.

“Àti gbogbo ẹnu tó o fi ń bá wọn jà yẹn?”

“Bàbá Nàbílà, ṣé ẹ́ńjìnnì ni mo fẹ́ ni? Ẹ̀yin ni mo mọ̀.”

Ẹ̀rín gbé Nosiru débi pé ó ní láti dẹwọ́ kó má baà yà bàrá, ọkọ̀ gbogbo sì ń kọjá wọn lọ, kò bìkítà.