Ohun Tí Chizuru Rí Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun Tí Kò Sọ

Ọdún karùn-ún rèé tí Hatakeda Chizuru ti ń ka ìwé àtijọ́ ní yunifásítì wa ní Kanazawa. Òun ni àgbà nínú àwa mẹ́fà tí a máa ń yí tábìlì Ọ̀jọ̀gbọ́n Kuramochi ká lọ́jọọjọ́ Ẹtì. Ẹnì kan á ka lẹ́tà àtijọ́ sókè, á túmọ̀ rẹ̀, àwa yòókù á sì máa bi í ní ìbéèrè.

Lẹ́yìn náà ni Thuy dé láti Vietnam. Ọmọ náà kì í pariwo, ṣùgbọ́n bó bá ń ka lẹ́tà sókè, ọ̀jọ̀gbọ́n á bọ́ awò ojú rẹ̀, á dijú, á máa mi orí. Láti ọdún márùn-ún, kò dijú fún Chizuru rí. Bẹ́ẹ̀ àṣà wa ni pé kí àgbà bá àlejò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kó tó gbé e wá, Chizuru ni wọ́n sì fi Thuy lé lọ́wọ́. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Chizuru ń rẹ́rìn-ín sí Thuy, ìlara sì ń jẹ ẹ́ nínú.

Nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo lòun máa mú lọ sọ̀rọ̀ níbi àpéjọ àwọn onímọ̀ ní Kyoto. Gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Thuy gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá bá Chizuru. Lẹ́tà àgbẹ̀ kan ni, tó kọ nípa ọdún tuntun, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí ìjọba yí kàlẹ́ńdà àtijọ́ padà sí ti òyìnbó. Thuy kọ ọ́ pé àárín oṣù Fẹ́búárì ni àgbẹ̀ náà ṣọdún. Inú Chizuru dùn ṣìnkìn, ó jẹ́wọ́ èyí fún mi lẹ́yìn náà. Ṣebí òfin ti gbé ọdún tuntun sí ọjọ́ kìn-ín-ní Jánúárì? Ó tún kọ́mà méjì ṣe, ó ní kó gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Thuy kà á tán lọ́jọ́ Ẹtì, Chizuru nawọ́ sókè jẹ́jẹ́.

"Àbúrò mi, ṣé àgbẹ̀ yìí ni kò gbọ́ pé wọ́n ti yí kàlẹ́ńdà, àbí ìwọ?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ojú ti Thuy, ṣùgbọ́n ó ṣí ojú ewé kejì.

"Ó gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ó ní lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ọdún yẹn, òṣùpá tàn yòò débi pé àwọn ò tan fìtílà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò: lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún Jánúárì ti ìjọba, òṣùpá ò yọ rárá. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ ló ṣì ń tẹ̀ lé; òṣùpá ló fi ń ka ọjọ́, bíi ti ìyá mi àgbà nílé."

Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó yíjú sí Chizuru, ó bi í pé ọjọ́ wo ló rí iṣẹ́ yìí.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, sà."

"Ìbéèrè tó o bi í yìí ńkọ́, láti ìgbà wo ló ti wà lọ́kàn rẹ?"

Ì bá parọ́. Ó wo tábìlì. "Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ni, sà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò bínú, ìyẹn gan-an ló dun Chizuru jù. Ó kàn ní Thuy ló ń lọ sí Kyoto, àti pé Chizuru ni yóò máa bá a yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Chizuru wá àṣìṣe nínú ọ̀rọ̀ náà títí ó fi rí ọ̀kan tó lágbára: àgbẹ̀ kan ṣoṣo kò lè jẹ́rìí fún odidi abúlé. Ó ṣe é bíi kó gbé e mì. Síbẹ̀ ó sọ ọ́ fún Thuy. Thuy kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Nígbà náà ni Chizuru ti ilẹ̀kùn, ó ń ka lẹ́tà àgbẹ̀ náà sókè lóun nìkan, ó ń wá ohun tó wà nínú ohùn Thuy tí kò sí nínú tirẹ̀.