Òjò Tó Rọ̀ Sórí Àpáta Nìkan

Rédíò ilé tíṣà tàn mí lónìí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi.

Ó ní òjò ò ní rọ̀ ní gbogbo agbègbè Kabba. Mo bá ní kí ẹgbẹ́ àwa àgbẹ̀ kọfí sá gbogbo kọfí wa sórí àpáta ńlá ẹ̀yìn ìlú wa, Iyah-Gbede. Ọ̀la ni lọ́rì ń bọ̀ wá kó o, wọn kì í sì í gba èyí tó tutù.

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí Ìyá Dáre, àgbà ẹgbẹ́ wa, ti ń kó tiẹ̀ sápò.

"Okun o, Ìyá," mo kí i. "Kí ló dé? Rédíò ti sọ̀rọ̀!"

"Ṣé rédíò ti tẹ àpáta yìí rí? Ó ti gbóná láti àárọ̀, igbó ìsàlẹ̀ sì tutù. Bí ooru àpáta bá gòkè, tí ọ̀rinrin igbó tẹ̀ lé e, òjò dé nìyẹn."

"Ìyá, ẹ má dá wa dúró."

"Ó dáa, ọ̀gá alákọ̀wé."

Kò pẹ́, ìkùukùu funfun kan ń wú jẹ́jẹ́ lókè orí wa. Òjò dé. Orí àpáta nìkan ló rọ̀ sí! Eruku ṣì ń sọ lójú títì nísàlẹ̀.

Mo dúró láàárín ooru tó ń rú bí èéfín lára òkúta, òórùn kọfí tí òjò rin gba gbogbo ibẹ̀, mo sì gbàgbé pé mò ń bínú sí rédíò.

Ìyá tẹ́ àpò òfìfo fún mi. "Jókòó. Àpáta tó pe òjò náà ni yóò mú kọfí yín gbẹ. Fún un lọ́jọ́ kan."

Èmi tí mi ò lè dúró de ẹnikẹ́ni, mo ti ránṣẹ́ sí onílọ́rì pé ó di ọ̀tunla.

Ẹ̀yin ará Egbe àti Makutu, ṣé òjò rọ̀ lọ́dọ̀ yín? Orí àpáta ni, àbí inú igbó? Ẹ sọ fún mi, rédíò ò mọ̀.