Pákó Ọmọ́tọ́lá

Ní Ọ̀dà, lẹ́bàá Àkúrẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi Ọmọ́tọ́lá ṣẹ̀fẹ̀, pákó rẹ̀ ló máa dárúkọ. Pákó pẹlẹbẹ ni, kò ju àwo oúnjẹ lọ, ó sì kan rọ́bà táyà àlòkù mọ́ ojú rẹ̀. Obìnrin yìí kì í tan ẹ́ńjìnnì tó fi ń lọ ẹ̀gẹ́ bí pákó náà kò bá sí nítòsí ọwọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ẹ̀gẹ́ wá a máa bi í bóyá ó fẹ́ fi lu ẹ́ńjìnnì ni. Òun a ní, "Ẹ máa rẹ́rìn-ín, eyín yín funfun."

Ọkọ rẹ̀ ló fi ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀ kó tó kú, ẹ́ńjìnnì dísù àtijọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí kó tó tan. Òun ló sì kọ́ ọ: gbé ọ̀pá kékeré orí rẹ̀ sókè kó lè fúyẹ́, yí i títí yóò fi yára, kí o wá já ọ̀pá náà sílẹ̀. Àtàǹpàkò kò gbọdọ̀ yí irin tí a fi ń yí i ká, nítorí bí irin bá ta padà, ó lè ṣẹ́ ọwọ́ èèyàn. Owó ẹ́ńjìnnì yìí ni Joy, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, fi ka yunifásítì jáde. Ẹ wá sọ fún mi pé iṣẹ́ ọkùnrin ni.

Jethro, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ní ilé ìlagi ní ìlú Oǹdó, sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé píkọ́ọ̀pù wá láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Ìyàwó, ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbọ́n mi ni, mò ń gbé e lọ. Ìwọ wá iṣẹ́ obìnrin ṣe."

Ohun tí Ọmọ́tọ́lá ń jẹ nìyẹn tí wọ́n fẹ́ gbé lọ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi sùúrù dáhùn: "Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí n lọ ẹ̀gẹ́ àwọn èèyàn tán ná." Jethro gbà, àmọ́ ó ní òun ni yóò tan án.

Ó wo ibi ọ́ìlì, ó ní ebi ti pa ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbọ́n òun, ló bá ń da ọ́ìlì sí i títí ó fi kọjá àmì.

"Ọkọ mi, ó ti tó."

"Ẹni tó máa ṣiṣẹ́ là ń bọ́ yó."

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ́ńjìnnì tan, kò pẹ́ tí èéfín búlúù fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ìró rẹ̀ ń ga sí i, ilẹ̀ ń gbọ̀n. Jethro ti dísù pa. Ẹ́ńjìnnì kò dá a lóhùn, ọ́ìlì àjẹjù yẹn ló ń jó. Ọ̀rọ̀ wá di bí o ò lọ, o yà fún mi. Jethro ló kọ́kọ́ bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rù ba Ọmọ́tọ́lá, n kò ní purọ́. Bí irin ńlá rìbìtì tó ń yí lára ẹ́ńjìnnì yẹn bá fọ́, ẹni tó wà lọ́kàn-ánkán rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ó gba ẹ̀gbẹ́, ó gbé pákó, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́, ó sì fi gbogbo ara tì í. Aṣọ kọ́, ọwọ́ kọ́. Ẹ́ńjìnnì yóò fà wọ́n wọlé ni. Nígbà tí kò rí afẹ́fẹ́ fà mọ́, ẹ́ńjìnnì húkọ́, ó tún húkọ́, ó kú.

Àwọn èèyàn padà wọ ilé ẹ́ńjìnnì, Jethro ló kẹ́yìn. Ọmọ́tọ́lá kò bá a jà. Ó fa ọ́ìlì náà jáde títí ó fi dé àmì, ó nu ọwọ́, ó tan ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, ó sì lọ ẹ̀gẹ́ gbogbo wọn tán. Orí rẹ̀ wú.

Jethro, tí kò pè é ní nǹkan mìíràn ju ìyàwó lọ láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá Joy, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ ni ẹ́ńjìnnì yín." Píkọ́ọ̀pù padà sí Oǹdó lófìfo.

Nígbà tó yá, Jethro fi pákó ìrókò ránṣẹ́ sí i, èyí tó dán bíi dígí, tòun ti rọ́bà tuntun. Ọmọ́tọ́lá gbé e kọ́ sára ògiri, níbi tí gbogbo èèyàn yóò ti rí i. Àmọ́ bó bá fẹ́ tan ẹ́ńjìnnì, ògbólógbòó tirẹ̀ ló ṣì ń mú. Bí àlejò bá sì rẹ́rìn-ín, àwọn ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ fúnra wọn ló ń ní kó panu mọ́.