Ìlà Rélùwéè Bàbá Mi

Inú máa ń tètè bí mi, mi ò ní purọ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú bàbá mi sọ pé bí wọn ò bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún tí àìsàn mú kọ nǹkan lójoojúmọ́, ọwọ́ náà máa gan pátápátá, mo ra ìwé, mo ra bírò, mo kó o síwájú wọn. Wọn ò fọwọ́ kàn án. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì láti Àpòmù sí Ìbàdàn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun níbi tí òun ti ń kọ A, B, D bí ọmọ jéléósinmi. Mo pariwo títí, wọ́n kàn yíjú sí ògiri ni.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn ìrun Àsárì, èmi àti ọkọ mi ń ta géèmù kan ní pálọ̀ wa ní Ìkirè. Kálukú ló ní ìwé tirẹ̀, wọ́n ya àwọn ibùdókọ̀ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ sí i: òmíràn róbótó, òmíràn onígun mẹ́ta, òmíràn onígun mẹ́rin. Èèyàn á ṣí káàdì kan; irú ibùdókọ̀ tó bá jáde, kálukú á fa ìlà rẹ̀ dé irú ẹ̀. Ìlà ò gbọdọ̀ gorí ìlà, kò sì gbọdọ̀ padà síbi tó ti kọjá. Iye ibùdókọ̀ tí ìlà èèyàn bá dé ni máàkì rẹ̀, àmọ́ òdo ni ẹni tó bá rú òfin máa gbà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dùn gan-an.

Bàbá mi ń wo ìwé mi láti orí àga wọn. Wọ́n kọ́kọ́ béèrè pé bí òjò bá rọ̀, ṣé omi ò ní ká èrò mọ́ ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Wọ́n ní mo ti já ibùdókọ̀ mẹ́ta sílẹ̀, pé irú dẹ́rẹ́bà wo nìyí. Ọ̀rọ̀ náà sú mi.

“Bàbá, ẹ gbà, ẹ wa tiyín.” Mo na ìwé tuntun kan àti pẹ́ńsùlù sí wọn, a sì tún géèmù náà bẹ̀rẹ̀.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi gba pẹ́ńsùlù, àmọ́ ìlà àkọ́kọ́ rí wọ́gọwọ̀gọ, ojú sì tì wọ́n. Ni wọ́n bá ki pẹ́ńsùlù bọ àárín ìka ọwọ́ ọ̀tún. Ọkọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì pé kí n má sọ̀rọ̀. Èmi aláriwo, mo kàn ṣí káàdì tó kàn ni.

Ẹ bá mi wo bàbá mi! Ọwọ́ ń gbọ̀n, òógùn ń bọ́, wọ́n ń dárúkọ ibùdókọ̀ bí wọ́n ṣe ń dé e, Wásinmi, Aṣéjìré, bí ẹni pé ọ̀nà wọn gan-an ni. Ibi tí èmi ò rí gbà, wọ́n ti gbà á kọjá. Nígbà tí káàdì tó kẹ́yìn jáde, wọ́n yí ìlà náà po, wọ́n fà á padà síbi tí wọ́n ti gbéra.

Mo ní òfin ò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n wò mí bí òmùgọ̀. “Ṣé dẹ́rẹ́bà ò ní padà sílé ni?”

Ìlà tó gùn jù lórí tábìlì nìyẹn, òfin géèmù sì ní òdo ni. Orí mi wú. Mo yọ́ kọ máàkì tó pọ̀ fún wọn, àmọ́ wọ́n ti rí mi. Àtìgbà tí àìsàn ti dé la ti ń tàn wọ́n bí ọmọdé, à ń yọ egungun ẹja fún wọn, à ń parọ́ pé wọ́n ti ń rìn dáadáa.

“Kọ òdo mi síbẹ̀,” ni wọ́n wí. “Kí o sì ṣí káàdì mìíràn.”

Mo kọ òdo náà gàdàgbà. Kí n tó gbójú sókè, wọ́n ti ń na ọwọ́ ọ̀tún sí ìwé tuntun.