Àǹtí Fẹjọ́sùn Fẹjọ́ Ara Rẹ̀ Sùn

Ọdún tí Àǹtí Fẹjọ́sùn du ipò káńsẹ́lọ̀, ẹni àkọ́kọ́ tó kọ̀wé ẹ̀sùn lòdì sí i ni Àǹtí Fẹjọ́sùn fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń bá a polongo ló lẹ pósítà rẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìkàwé àdúgbò, mẹ́rìndínlógún, wọ́n tò ó lọ bẹẹrẹ. Àǹtí kan náà ló sì ti fi ọdún méjì gbáko yọ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́nu títí wọ́n fi ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lẹ nǹkan mọ́ ògiri yẹn. Nígbà tó rí ojú ara rẹ̀ mẹ́rìndínlógún lára ògiri, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó padà sílé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, ó tẹ ìwé ẹ̀sùn olójú ewé méjì, ó fọwọ́ sí i, ó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.

Akọ̀wé tó ń gba lẹ́tà níbẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

"Àǹtí, ta lẹ tún wá fẹjọ́ ẹ̀ sùn lónìí?"

"Olùdíje kan ni. Kò bọ̀wọ̀ fófin."

Akọ̀wé ka orúkọ tó wà nínú ìwé náà, ó wo Àǹtí, ó tún un kà. "Àǹtí, ẹ̀yin mà nìyí."

"Ṣé mo sọ pé èmi kọ́ ni? Ẹ lù ú ní òǹtẹ̀."

Òfin ni pé ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, kó sì fèsì láàárín ọjọ́ méje. Àǹtí fèsì lọ́jọ́ kejì, ó tọrọ àforíjì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó padà lọ gẹ́gẹ́ bí olùfisùn láti ka èsì náà. Ó kà á tán, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní àforíjì yẹn ò tó, àfi kí ẹni náà wá fọ ògiri. Bí a ṣe bá a níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin nìyẹn, pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì àti búrọ́ọ̀ṣì, tó ń ha imú ara rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwa tó ń kọjá, àwọn tó ń bá a polongo nìkan ni ò rẹ́rìn-ín.

Atẹ̀wé ni Àǹtí kó tó fẹ̀yìn tì, ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé lẹ́tà rẹ̀ kì í ní àṣìṣe kankan. Nínú yàrá iwájú ilé rẹ̀ ló ti dá Ẹgbẹ́ Ẹ̀tọ́ Àdúgbò sílẹ̀: tábìlì kan, àga mẹ́ta, àti àpótí tó kó ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà rẹ̀ sí. Bí iná ojú títì bá kú, á kọ̀wé. Bí ẹ̀rọ omi bá ń jò, á kọ̀wé. Àtẹ̀gùn ilé ìfìwéránṣẹ́ ga jù fáwọn arúgbó, ó kọ lẹ́tà mẹ́rìnlá, wọ́n sì gé e sílẹ̀. Ọmọdé ló kọ́kọ́ pè é ní Fẹjọ́sùn, ó gbọ́ ọ, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó ń fi orúkọ náà dáhùn tẹlifóònù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ̀bí ló gbé e dédìí ìbò. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà àti agbẹ̀bí méjì ló wà níbẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ sì fẹ́ tì í, kí àwọn aboyún àdúgbò wa máa wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní òdìkejì ojú irin. Kí wọ́n tó kọ́ ilé ìgbẹ̀bí yẹn, inú bọ́ọ̀sì ni ọmọ àkọ́bí àbúrò rẹ̀ obìnrin kú sí. Àǹtí ò sọ ìyẹn lórí pèpéle kankan, àwa la mọ̀. Ó kọ lẹ́tà mọ́kàndínlógún, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ló bá ní bí wọn ò bá fẹ́ ka lẹ́tà, òun á wá jókòó ti àwọn tó ń gbà á.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ nǹkan fún ara ẹni. Bó bá wọlé onílé láti polongo, á béèrè àlàáfíà wọn, wọ́n á sọ ìṣòro wọn, á kọ ọ́ sílẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kan náà yẹn, tó jẹ́ olórí ìpolongo, fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lo wákàtí méjì lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Ṣé ẹ sọ fún un pé kó dìbò fún yín?"

"Òrùlé ẹ̀ ń jò."

"Mo ní ṣé ẹ sọ fún un?"

"Ta ló ń bá ẹni tí òjò ń pa nínú ilé sọ̀rọ̀ ìbò? Ìwọ náà, nígbà míì kí o máa ronú."

Lọ́jọ́ ìbò, ó yá mọ́tò, ó ń gbé àwọn arúgbó lọ dìbò láti àárọ̀ títí wọ́n fi parí. Apòògùn àdúgbò wa ló ń bá a du ipò náà, èèyàn jẹ́jẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í jáde. Ìyá aránṣọ wọ mọ́tò, ó jókòó, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o, apòògùn ni mo fẹ́ dìbò fún. Òun ló ń wo ẹsẹ̀ mi."

"Ẹsẹ̀ wo ló ń dùn yín?"

"Tọ̀tún ni."

"Ẹ nà án síwájú, kí ẹ fẹ̀yìn tì dáadáa."

Ìbò mẹ́sàn-án ni apòògùn fi borí rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ka àwọn alátìlẹ́yìn apòògùn tí Àǹtí fi mọ́tò gbé, wọ́n jẹ́ mẹ́tàlélógún. Àǹtí ní ẹ̀tọ́ wọn ni. Lẹ́yìn náà ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bojú, ó ní, "Kí ni mo fẹ́ sọ fáwọn agbẹ̀bí?" A ò tíì rí omi lójú rẹ̀ rí kó tó di ọjọ́ yẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí ìgbìmọ̀ tuntun kọ́kọ́ jókòó, Àǹtí ti wà lórí àga àwọn ará ìlú. Ìjókòó parí, ó dúró de apòògùn lẹ́nu ọ̀nà. "Káńsẹ́lọ̀, ẹ wá jábọ̀." Lọ́sẹ̀ kejì, apòògùn gba ẹ̀yìn jáde, ó bá Àǹtí níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó jókòó sínú yàrá títí gbogbo èèyàn fi lọ, Àǹtí sì gbé àga wá, ó jókòó tì í. Kí oṣù méjì tó pé, apòògùn ti ń wá a fúnra rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ títi ilé ìgbẹ̀bí wá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ kì í jáde dìde tó sì pariwo lé wọn lórí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Àǹtí sùn lórí àga, kò jí mọ́. Lọ́jọ́ kọkànlá lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ̀bí dé, ẹnì kankan nínú wa ò sì lókun láti lọ. A ti gbà lọ́kàn wa pé ilé ìgbẹ̀bí náà ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, apòògùn kan ilẹ̀kùn àbúrò Àǹtí. Fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo jáde níbẹ̀, mo dúró títí, mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ sọ fún. Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀ fún yín."

Obìnrin náà gbé àga fún un. Ó rò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin: ẹni tó sọ̀rọ̀, ẹni tó ń sùn, ẹni tó yí padà, bí alága ṣe ní kí òun jókòó tí òun ò jókòó. Ìbò méjì ni àwọn tí ò fẹ́ kí wọ́n ti ilé ìgbẹ̀bí fi borí.

Àbúrò Àǹtí gbọ́ ọ tán. Ló bá na ara rẹ̀ ró lórí àga, ó gbójú le. "Ẹ ṣeun, káńsẹ́lọ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì péré?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Nígbà tí obìnrin náà nu ojú rẹ̀ tán, ó bi apòògùn bóyá á lè wá jábọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ó ní òun á wá.