Sọ́rì Tí Mo Sọ Fún Ẹ̀gbọ́n

Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí bọ́ǹbù bú ní bárékè Ìkẹjà ni. Bí mo ṣe ń ṣírò tèmi nìyẹn, nítorí mi ò mọ déètì. Fèrèsé ilé tí à ń gbé ní Ifákọ̀ kò tíì ní gíláàsì, páálí la fi dí i. Mo ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Àgídìngbì, nídìí tábìlì tí a ti ń di ọjà sínú páálí.

Ohun tó mú mi rántí ni pé tíṣà ọmọ ọmọ mi, ọmọ tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ní kí wọ́n lọ wá àwọn ọ̀rọ̀ tó bá "sọ́rì" tan wá láti ilé. Ọmọ náà ti rí mẹ́ta kọ lédè òyìnbó, ó wá bi mí bóyá Yorùbá ní tiwọn. Mo ní ó pọ̀. Pẹ̀lẹ́ ń bẹ. Ẹ kú ìrọ́jú ń bẹ. Ó dùn mí, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, mo jẹ̀bi. Ó ní ṣé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Mo ní kó jókòó.

Ní ilé-iṣẹ́ yẹn, sọ́rì la máa ń sọ jù. Ẹni tó sín, sọ́rì. Ẹni tí ẹrù gbá lẹ́sẹ̀, sọ́rì. Bí ọ̀gá kò bá fún ọ láàyè láti lọ sìnkú, sọ́rì náà ni. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Kò ní kí orúnkún kanlẹ̀, kì í sì í pẹ́ lẹ́nu.

Ẹ̀rọ kan wà lẹ́nu géètì tí à ń ti káàdì bọ̀ láràárọ̀, òun ló ń tẹ aago tí èèyàn dé sórí ẹ̀. Orúkọ oníkálukú wà lára káàdì tirẹ̀. Èmi ò lè ka orúkọ mi. Mo ti purọ́ fún wọn nígbà tí wọ́n ń gbà mí pé mo ka ìwé mẹ́fà. Ibi tí káàdì mi ń jókòó ni mo mọ̀: ìlà tó sún mọ́ ògiri, ẹlẹ́ẹ̀kẹta láti ìsàlẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fura.

Obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan ni èmi àti ẹ̀ jọ ń jókòó nídìí tábìlì. Ó jù mí lọ, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ wẹ́dà kò ríṣẹ́ ṣe, iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ni gbogbo ilé ń jẹ. Lọ́jọ́ kan, akọ̀wé ẹnu géètì nu pátákó káàdì, ó sì tún wọn tò bó ṣe wù ú. Èmi fa ẹlẹ́ẹ̀kẹta láti ìsàlẹ̀, mo tì í bọ ẹ̀rọ, mo wọlé. Káàdì ẹ̀gbọ́n ni. Ẹ̀gbọ́n ò sì wá níjọ́ yẹn, ibà ń ṣe ọmọ rẹ̀ ní Agége.

Nígbà tí a ń parí iṣẹ́, wọ́n rí i pé káàdì rẹ̀ wọlé, òun alára ò wọlé. Wọ́n bi mí ìdí tí tèmi ò fi wọlé, mo ní mo gbàgbé ni. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé káàdì ẹ̀gbọ́n ni mo tẹ̀. Mo gba ilé lọ.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n dá ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu géètì, wọ́n ní kó dárúkọ ẹni tó bá a tẹ káàdì. Ó ní òun ò rán ẹnikẹ́ni, ó fi Kùránì búra. Wọ́n ní kó máa lọ ná, tí máníjà bá dé lọ́jọ́ Ajé, kó wá gba ìwé lọ-gbélé-ẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé mo ra ọsàn àti búrẹ́dì, mo lọ kí i. Gbogbo èyí tó rọrùn lẹ́nu ni mo sọ tán. Sọ́rì, ẹ̀gbọ́n. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á gbèjà yín. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí. Ó fún mi ní ẹ̀bà, mo jẹ ẹ́. Ó ní ẹni tó ṣe òun ní irú èyí, Ọlọ́run ń wò ó. Mo ní àmín.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá ìyá Ìjẹ̀bú kan, òun ló dàgbà jù nídìí tábìlì wa, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún un, kò dáwọ́ dúró. Ó bi mí ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n, mo kà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín dáadáa.

"Nínú gbogbo èyí tí o kà yìí, èwo ni ìwọ wà nínú ẹ̀? Àlejò tó ń kọjá lọ lè kí i bẹ́ẹ̀. Lọ sọ́dọ̀ máníjà ná. Tí o bá tibẹ̀ dé, màá bá ẹ lọ bẹ ẹ̀gbọ́n ẹ. O ò ní dá lọ."

Lọ́jọ́ Ajé mo wọ yàrá máníjà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo tẹ káàdì ẹ̀gbọ́n wa. Wọn ò rán mi. Mi ò mọ̀wé kà ni."

Ó gbé káàdì méjì síwájú mi, ó ní kí n mú tèmi. Mo wò wọ́n títí, mo bú sẹ́kún. Ìyẹn ló jẹ́ kó gbà mí gbọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Èmi, nítorí irọ́ ìwé mẹ́fà, wọ́n mú mi kúrò nídìí tábìlì, wọ́n fún mi ní ìgbálẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá ṣáájú, mo tẹ̀lé e. Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ilé ẹ̀gbọ́n, mo sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, mo wá sọ èyí tó wúwo. Mo jẹ̀bi. Ẹ forí jì mí. Kò wò mí.

"Nígbà tí o ń jẹ ẹ̀bà mi níjẹta, o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"O wá ṣe àmín."

"Mo ṣe é."

Màmá bá mi bẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Ó pẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tó ní kí n dìde. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kí n má tíì wá sílé òun ná. Mi ò lọ. Lẹ́nu iṣẹ́, bí mo bá kí i, á dáhùn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí Iléyá dé ló fi ẹran rán ọmọ rẹ̀ obìnrin sí mi, ó ní kí n fúnra mi dá abọ́ ẹran náà padà wá sílé òun.

Nígbà tí àwọn ọmọ mi ń dàgbà, tí wọ́n bá ṣe nǹkan, tí wọ́n sáré ní "sọ́rì, màámi", mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa fi ìyẹn kí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ. Ẹni tí ẹ bá ṣẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ ṣe fún un, kó gbọ́ "èmi ni" lẹ́nu yín. Ẹ jẹ́ kó bínú tó bó ṣe fẹ́. Bó bá ní kí ẹ má tíì wá, ẹ dúró sílé yín títí yóò fi pè yín.