Ojú Ewé Kẹtàdínlógún

Ọ̀nà kan ò wọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí Ìyá Ẹ̀rọ gbà gùn bí ẹjọ́ ilẹ̀. Sípánà ló fi bẹ̀rẹ̀ ní iléeṣẹ́ omi, ó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ títí ó fi gba dípúlómà, ó sì tọ́jú ẹ̀rọ tó ń fa omi fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Yunifásítì ni Ọ̀gá Kékeré, ọ̀dọ́ ẹnjiníà tó ń pe Ìyá Ẹ̀rọ ní Mọ́mì níbi iṣẹ́, ti wá ní tirẹ̀. Ìyá Ẹ̀rọ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fetí mọ àìsàn ẹ̀rọ, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, tó kọ ìwé ṣókí nípa iṣẹ́ rẹ̀, ni ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà fún un ní èdìdì tí wọ́n ń fún ẹnjiníà tó kúnjú òṣùwọ̀n. Kí Ìyá Ẹ̀rọ tí ò ní dìgírì tó lè gba tirẹ̀, ó ní láti kọ ìwé gígùn nípa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kí ẹnjiníà tó ti gba èdìdì buwọ́ lù ú, kó sì lọ dáhùn ìbéèrè níwájú àgbà mẹ́ta. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọ̀gá Kékeré ló máa buwọ́ lù ú. Nígbà tó ka ìwé náà dé ojú ewé kẹtàdínlógún, ó fajú ro.

"Mọ́mì, ẹ yọ eléyìí. Ta ló ń fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun ba nǹkan jẹ́?"

Ibẹ̀ ni Ìyá Ẹ̀rọ kọ ọ́ sí pé òun yára ti fáàfù ńlá tó ń dá omi dúró lọ́jọ́ kan, tí omi tó ń sáré bọ̀ fi bẹ́ páìpù, tí àdúgbò mẹ́ta ò sì rómi lò fọ́jọ́ méjì. Ìyá Ẹ̀rọ yọ ọ́, ó ká a sínú báàgì, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Bó bá fìdí rẹmi, ó di ọdún méjì kó tó tún lè padà wá, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́ta ló kù kó fẹ̀yìn tì.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà ṣí ìwé rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó bọ́ awò ojú.

"Mà, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹ ò ṣàṣìṣe rí? Ẹ̀rọ yín mà gbọ́ràn o."

Ojú ti Ìyá Ẹ̀rọ. Ó ṣí báàgì, ó tẹ́ ìwé tó ti rún náà sórí tábìlì, ó sì rò ó látòkèdélẹ̀: bí páìpù ṣe bẹ́, bí òun ṣe fi ọ̀dà kọ iye ìṣẹ́jú tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ti fáàfù kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀, àti pé láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kó máa lọ.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé. Ó yege, ṣùgbọ́n kó dá ojú ewé kẹtàdínlógún padà sáàyè rẹ̀ kó tó gba èdìdì.

Ọ̀gá Kékeré ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ojú ewé àṣìṣe tí èmi náà yọ nínú ìwé tèmi kí n tó gba èdìdì ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ nílé."

"Mú un wá lọ́la," ni Ìyá Ẹ̀rọ wí. "Ká jọ kà á."